Ilé Tí A Fi Irọ́ Wọ̀



Ọmọ ìjọ wa kan fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní London. Arákùnrin kan ní òun ní flat ní Peckham, owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ó ní, "Tí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi ni yín o." Ó wá bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?"

Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni flat. Ti council ni! Ìjọba fi ń ran àwọn tí kò rówó ilé san lọ́wọ́. Òfin ọdún 2013 sọ pé ẹni tó bá kó jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó fi ń gbowó lábẹ́lẹ̀, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ẹni tó ni ilé tirẹ̀ ńkọ́? London gbà á láyè kó fi gba àlejò fún 90 alẹ́ lọ́dún kó tó lọ gbàṣẹ.

Ẹ̀yin onílé Ìkòròdú, ṣé ẹ máa gbà kí ayálégbé yín máa fi ilé yín pawó lẹ́yìn yín?

Mo mọ̀ pé náírà ò lágbára mọ́. Ẹ dín ọjọ́ kù. Ọ̀sẹ̀ kan tó mọ́ sàn ju mẹ́ta inú irọ́ lọ. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28: ọdún méjì gbáko ni Pọ́ọ̀lù fi gbé ilé tó fowó ara rẹ̀ háyà ní Róòmù, gbogbo ẹni tó wá ló sì gbà wọlé. Kò sápamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ìrìn àjò wa di ìtìjú. Ẹ kọ Àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń palẹ̀mọ́ àtirìnrìn àjò.