Bọ́ọ̀dù Kú, Àṣẹ Bá A Lọ

Ní Suame Magazine, ibi iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì ní ìlú Kumasi, bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá kọṣẹ́, wọn á yọ ọ́, wọn á fi tòkunbọ̀ dípò, mọ́tò á sì bá ẹni tó ni ín lọ sílé. Ẹ wá dé Adum ní ìlú kan náà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, iná tàn, fáìlì pé pérépéré, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ, lẹ́tà aláwọ̀ eérú kan yọjú: "Activate Windows." Ẹni tó ti sanwó di aláìláṣẹ. Láti ìgbà Windows XP ní 2001 ni Microsoft ti ń so àṣẹ ìlò mọ́ ara ẹ̀rọ. Láti Windows 8 ní 2012, nọ́ńbà àṣẹ tó bá láptọ́ọ̀pù wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an. Bọ́ọ̀dù kú, àṣẹ bá a wọ sàréè. Ẹni tó ra Windows lọ́tọ̀ lè gbé tirẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tó bá a nínú láptọ́ọ̀pù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ta ẹ̀rọ náà. Lójú tèmi, ẹni tó sanwó ló yẹ kí àṣẹ máa tẹ̀ lé.

Àwọn kan á ní nítorí olè ni Microsoft ṣe ń so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹnì kan má baà ra ẹyọ kan kó fi sórí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti 2016 ni Microsoft fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kí èèyàn lè so àṣẹ Windows 10 mọ́ àkáǹtì tirẹ̀, kó sì sọ fún ẹ̀rọ lẹ́yìn àtúnṣe pé òun pààrọ̀ nǹkan. Ọ̀nà wà nìyẹn. Àmọ́ kí bọ́ọ̀dù tó kú lèèyàn gbọ́dọ̀ ti so ó, kò sì dájú pé yóò gbà fún àṣẹ tó bá láptọ́ọ̀pù wá. Wọ́n tún ní bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bá fi irú bọ́ọ̀dù kan náà rọ́pò èyí tó bàjẹ́ lábẹ́ gárańtì, kò sí wàhálà. Gárańtì wo ló wà lórí tòkunbọ̀? Iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ tó ṣe é nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn mìíràn á sọ pé ẹ̀rọ ṣáà ń ṣiṣẹ́, àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kì í kúrò lójú yẹn ló ń lé èèyàn lọ sídìí kíráàkì ọ̀fẹ́, tó sì lè kó kòkòrò wọ ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ báǹkì wà lórí rẹ̀. Ní 3 July 2012, nínú ẹjọ́ àárín ilé-iṣẹ́ UsedSoft àti Oracle, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà pé ẹni tó ra àṣẹ ìlò aláìlópin lè tà á fún ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣeé tà, kí ló dé tí kò lè kọjá láti bọ́ọ̀dù tó kú sí èyí tó wà láàyè, lọ́wọ́ ẹnì kan náà? Kí Microsoft gba nọ́ńbà bọ́ọ̀dù méjèèjì lọ́wọ́ atúnṣe, kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Kó tó dìgbà náà, kí àwọn ará Adum máa bi oníbàárà léèrè nípa àkáǹtì kí wọ́n tó tú ṣúkúrù àkọ́kọ́.