Ẹ Fi Oòrùn Sílẹ̀, Òun Kọ́ Ló Jẹ Irúgbìn Wa

Ọ̀rọ̀ òní le díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Níbi ìpàdé àgbẹ̀ kan ní Ìfọ́n láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún yìí fún wọn. Bàbá kan ní kí n dákẹ́ ná. Wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n tẹ voice kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní irọ́ ni gbogbo ariwo pé ojú ọjọ́ ń yí padà. Ó ní oòrùn ló ń ṣe tirẹ̀, ó máa ń gbóná, ó máa ń tutù, àti pé láìpẹ́ yóò sùn, gbogbo ayé yóò sì tutù. Ó ní kí àgbẹ̀ máa gbin nǹkan bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbìn ín. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Bàbá yẹn kan náà ló gbin àgbàdo sórí òjò àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Òjò lọ, kò padà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo hù, ó gbẹ. Wọ́n tún irúgbìn rà pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni inú voice yẹn kò ní bá wọn san gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká gbà fún wọn níbi tí wọ́n ti sọ òótọ́. Oòrùn máa ń yí lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 11 síra wọn, àwọn àmì dúdú tó wà lójú rẹ̀ máa ń pọ̀, wọ́n á tún dín kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, NASA kéde pé oòrùn ti wọ àsìkò tí àmì náà máa ń pọ̀ jù. Láàrin 1645 sí 1715, àmì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, otútù sì mú àwọn ará Yúróòpù gan-an láyé ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni ẹni inú voice ti bu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Láti 1978 ni wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì wọn agbára oòrùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìgbà tó lágbára jù àti ìgbà tó rẹ̀ jù kò ju bíi náírà kan nínú ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó, tí náírà kan bá yọ nínú ẹgbẹ̀rún, ṣé ẹ ó pariwo pé ọjà ti dojú dé? Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, agbára oòrùn kò lọ sókè, ó tilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni. Síbẹ̀ ayé ń gbóná sí i. Ọdún 2024 ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ oòrùn ló ń ṣe é, ara ì bá ti máa tù wá.

Ẹ tún wo òru. Oòrùn kì í ràn lóru. Ṣùgbọ́n káàkiri ayé, òru ló ń yára gbóná ju ọ̀sán lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dà bí aṣọ ìbora. Èéfín epo, èédú àti gáàsì, pẹ̀lú èéfín igbó tí à ń jó, ti kóra jọ sójú òfuurufú. Ó ń jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn wọlé, kò jẹ́ kí ooru jáde bó ṣe yẹ. Kódà òfuurufú òkè lọ́hùn-ún, tó ga ju ibi tí òjò ti ń rọ̀ lọ, ń tutù sí i nígbà tí ìsàlẹ̀ ń gbóná. Ẹni tó bá da aṣọ bora, inú aṣọ ló ń gbóná, ẹ̀yìn aṣọ a sì tutù. Tó bá jẹ́ oòrùn ló fà á, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ì bá jọ gbóná.

Àwọn àgbà máa ń bi mí pé, "Ọmọ Agric, ọ̀dá 1983 ń kọ́, tí iná jó oko kòkó? Ta ló ń sọ ìyípadà ojú ọjọ́ nígbà yẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Láàrin 1982 sí 1983, omi òkun Pàsífíìkì gbóná kọjá ààlà, èyí tí wọ́n ń pè ní El Niño, ó sì da òjò rú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́, yóò sì tún wá. Ṣùgbọ́n ayé tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ló ń bá báyìí. Ẹ rántí ooru oṣù kejì ọdún 2024. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ayé tó gbóná yìí ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ní apá tiwa yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ta wá ni ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ń gbè? Ní ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé Willie Soon, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń sọ pé oòrùn ló fà á, ti gba owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ epo àti èédú, kò sì sọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó kọ. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kì í ṣe owó ló ń darí òun. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ oòrùn gbọ́ ló gba owó. Bàbá tiwa ní Ìfọ́n ò gba kọ́bọ̀. Àwọn ló san án.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irọ́ ni NiMet ń pa, mo gbọ́ yín. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò máa ń tàsé nígbà mìíràn. Òjò tó rọ̀ ní Ùsò lè má dé Ìdóàní. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún kan ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ayé tó ti ń gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún ọ̀tọ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá tàsé, kò sọ èkejì di irọ́. Ẹ fi ohun tí NiMet bá sọ kún ohun tí ẹ fojú ara yín rí lóko.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹ má gbìn sórí òjò àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Tó bá tutù dé ìwọ̀n gígùn bírò kan, ẹ lè gbìn.
2. Ẹ pín irúgbìn àgbàdo sí méjì. Ẹ gbin ìdajì, kí ẹ gbin ìyókù lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀dá kan kò ní lè kó gbogbo rẹ̀.
3. Ẹ wá àgbàdo tó ń tètè gbó, èyí tó máa ń pé ní bí ọjọ́ 90.
4. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu. Ẹ fi igi ìbòji sílẹ̀ nínú oko kòkó. Ẹ má sun oko.
5. Ẹ̀yin alájàpá, kí ẹ tó san owó sílẹ̀ fún ọjà tó ṣì wà nílẹ̀, ẹ bèèrè ìgbà tí àgbẹ̀ gbìn ín.

Àgbẹ̀ Ìpèlé kọ́ ló tú èéfín tó pọ̀ jù sáyé, mo mọ̀. Àwọn ìlú olówó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé oòrùn ló ń ṣe é, kí ló kù tó fẹ́ ṣe ju kó káwọ́ lérí lọ? Kò ní bo ebè, kò ní dá irúgbìn kankan sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bi àwọn tó tú èéfín náà pé kí wọ́n wá san nǹkan kan.

Tí irú voice yẹn bá wà lórí fóònù yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní àtakò, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mo máa dáhùn tí mo bá ti oko dé. Kí Ọlọ́run fún wa ní òjò tó bọ́ sásìkò.