Ọmọ Tó Sùn Tí Kò Jí: Ẹ Má Wá Àjẹ́ Kiri

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Òwe ńlá ni, ó sì wúlò níbi tí a bá ti ń wá ẹni tó dá ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe yìí ti máa ń ṣìnà, tí ó ń sọ aláìṣẹ̀ di ọ̀daràn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yà sí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Kò ní ibà, kò wúkọ́. Ó mu ọmú ní alẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá fọwọ́ kàn án, ó ti tutù. Kí oòrùn tó yọ, ẹkún ti gba ilé. Kí ó tó di ọjọ́rọ̀, ẹjọ́ ti dé: wọ́n ti rántí pé ìyá ọkọ gbé ọmọ náà lánàá, pé orogún kò kí ìyá ọmọ dáadáa, pé ọmọ ìṣáájú náà kú, nítorí náà àbíkú ni. Ìyàwó á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rẹ́ á di ọ̀tá. Ọmọ kan ni ikú mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa ni a fi tú ilé ká.

Irú ikú yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Òyìnbó náà ń sunkún rẹ̀. Ní 1969 ni àwọn oníṣègùn tó pàdé ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, fún un ní orúkọ kan tí a lè pè ní ikú òjijì ọmọ ọwọ́. SIDS ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kú lójú oorun, a yẹ òkú rẹ̀ wò, a yẹ ibi tó sùn sí wò, a bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè, síbẹ̀ a kò rí ohun tó pa á. Láàrin oṣù kejì sí ìkẹrin ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù kẹfà, kì í wọ́pọ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ rò pé nǹkan mẹ́ta ló máa ń pàdé. Èkíní, ọmọ náà ní àìlera kan tí ojú kò rí, pàápàá níbi tí ọpọlọ ti ń ṣàkóso mímí àti jíjí. Èkejì, ó wà ní ọjọ́ orí tí ara rẹ̀ ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ohun kan láti òde kọlù ú: ó dojú bolẹ̀ sùn, ooru mú un jù, tàbí ó ń fa èéfín sìgá símú. A kò lè rí èkíní, a kò lè fo èkejì dá, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà ní ìkáwọ́ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwa nìkan ni a máa ń fi ẹ̀sùn kan ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀, kí ó gbọ́ ti Sally Clark, agbẹjọ́rò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan kú ní 1996, èkejì kú ní 1998. Ní 1999 ilé ẹjọ́ ní òun ló pa wọ́n. Dókítà olókìkí kan jẹ́rìí pé kí irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ wọ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú mílíọ̀nù 73. Ìṣirò náà kò tọ̀nà, nítorí ohun tó bá ọmọ kan lè bá àbúrò rẹ̀ náà. Obìnrin yìí lò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 2003, ó sì kú ní 2007. Wọn kò pè é ní àjẹ́, ṣùgbọ́n irú ìyà kan náà ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn ló ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fi ikùn ọmọ lélẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn. Dókítà Benjamin Spock ti Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ọmọ títọ́ tà káàkiri ayé, wà lára wọn. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní London kó ìwádìí àtijọ́ jọ, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rí ti wà láti 1970 pé sísùn báyìí léwu. Wọ́n ní bí a bá ti tètè kó ẹ̀rí náà jọ ni, à bá ti gba ẹ̀mí ọmọ tó ju 10,000 lọ là ní Britain nìkan. Nǹkan bí ogún ọdún ni ìmọ̀ fi wà nínú ìwé tí kò dé etí ìyá ọmọ.

Ta ló wá polówó rẹ̀? Ní New Zealand, ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó sì fi ewu náà hàn gbangba. Ní 1991, Anne Diamond, tí gbogbo Britain mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, pàdánù Sebastian ọmọ rẹ̀. Kò jókòó sílé kí ó máa wá ẹni tó ṣe é. Ó lọ sí New Zealand, ó rí i pé wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá níbẹ̀, ikú sì ti ń dín kù. Ó padà wálé, kò jẹ́ kí ìjọba sinmi títí ìkéde fi jáde ní ìparí ọdún náà. Láàrin nǹkan bí ọdún kan, iye ọmọ tó ń kú báyìí dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Kì í ṣe oògùn tuntun, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí a polówó ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ìyá àti ìyá àgbà ló ṣì ń fi ikùn ọmọ lélẹ̀. Àní nígbà tí màmá bá lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní London, òun àti nọ́ọ̀sì a máa fa ọ̀rọ̀ yìí. Èrò màmá kò burú: ó ní kí èébì má baà há ọmọ lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀. Bí ọmú bá padà wá sí ọ̀fun, ìsàlẹ̀ ni yóò tún ṣàn sí. Bí ó bá fi ikùn lélẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ló bọ́ sókè, ohun tó bá padà wá sì lè kán sí ọ̀nà èémí. Wọ́n tún ní ọmọ a máa sùn wọra bí ó bá fi ikùn lélẹ̀. Òótọ́ ni; pé kì í tètè ta jí gan-an ni ewu rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe nìyí:

1. Kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, títí yóò fi pé ọdún kan. Ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ kò tó, nítorí ó lè yí dojú bolẹ̀. Bí ó bá jí, tí ẹ sì ń wò ó, ẹ lè fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ kí ó ṣeré.

2. Kí ibùsùn rẹ̀ tẹ́jú, kí ó má rọ̀ jù. Ẹ má fi ìrọ̀rí tàbí òkìtì aṣọ yí i ká. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn dáadáa, kí ó má wó bò ó lójú.

3. Kí ó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sùn lórí àga tìmùtìmù láé.

4. Ẹ má wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà fún un. Ẹ bọ́ fìlà rẹ̀ bí ó bá ń sùn nínú ilé.

5. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí aboyún tàbí ọmọ.

6. Ẹ fún un ní ọmú. Ọmọ tó mu ọmú fún oṣù méjì ó kéré tán, ewu rẹ̀ dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Ẹ má sì bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í fa ikú yìí.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa: a lè ṣe gbogbo rẹ̀ kí ikú ṣì dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ìròyìn yìí na ìyá tó ń sunkún. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́únjẹ fún un, ẹ pa ẹnu olófòófó mọ́.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì yín. Àwọn ló ń gbé àbúrò sùn nílé. Níbi ìkómọjáde, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ, kí àgbàlagbà kan dìde, kí ó wí pé, “Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ o.” Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Oníṣòwò kò ní fi ọjà tó dára pamọ́ sábẹ́ àtẹ fún ogún ọdún. Ẹ má jẹ́ kí a fi èyí pamọ́.