Mímí Kanlẹ̀ Kì í San Gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde láàárín àwa ọ̀mọ̀wé: pé másùnmáwo ni ó ń pa ènìyàn, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dẹ ara sílẹ̀, tí a sì ń mí kanlẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bá ìmọ̀ náà jà. Ohun tí àwọn kan ń fi í bò mọ́lẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 1929, Edmund Jacobson, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí bí a ti ń fún iṣan ara le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń tú u sílẹ̀, títí ọkàn pàápàá yóò fi rọ̀. Ní 1975, Herbert Benson, dókítà ní Harvard, ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ bí ó ti ń mí, lílù ọkàn rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Àwọn baba wa kò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Kí ni ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi odán nírọ̀lẹ́? Kí ni oríkì tí ìyá fi ń pẹ̀tù sí ọmọ tí ń sunkún nínú? Dókítà Adéoyè Lambo náà mọ iyì rẹ̀. Ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, àwọn àti ẹbí wọn, kí wọn má baà ti àárín ènìyàn kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tí ó di ẹrù lé wa lórí ni ó tún ń kọ́ wa bí a ti ń mí lábẹ́ ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àkànràn. Ní 1968, kòkó kò mú owó gidi wọlé, owó orí wúwo, agbowó-orí àti wọlé-wọlé sì ń dààmú àgbẹ̀ dé inú abà. Ṣé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò mọ bí a ti ń sinmi ni? Wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń mu ẹmu. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, agbowó-orí ti dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọjá sùúrù, Àgbẹ̀kọ̀yà dìde, Táfá Adéoyè sì wà níwájú. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rògbòdìyàn náà. N kò yìn ín. Síbẹ̀, ohun tí ó dá oorun padà sí ojú àgbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsinmi. Ní 1969 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn jókòó, tí a sì bu owó orí kù sí pọ́n-ùn 2.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já dúró de ìjọba kí ó tó mí ni? Rárá o. Kí ó mí kanlẹ̀. Ara tí kò bá dá kò lè bèèrè ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù ní 2015, àìsan owó ni ó ń ṣe wọ́n, kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-mí. Nígbà tí owó epo fò sókè ní 2023, tí owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e, ẹni tí ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìbàdàn mọ ohun tí ó ń lé oorun lójú òun.

Òótọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n ajigbèsè kọ́ ni ó yẹ kí ó máa pa òwe náà fún ẹni tí ó jẹ lówó. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí a kọ́ ènìyàn ní ìfarabalẹ̀, ó dára. Kí a kọ́kọ́ sán aṣọ náà sóòrùn.