Awò VR Tó Wọ́n Jù Kọ́ Ló Dára Jù

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ará Ìyìn, Ìfàkì àti Ìkẹ́rẹ́, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tó ń fi owó wa ṣòfò. Bí ẹnìkan bá fẹ́ awò VR, ẹ̀rọ tí à ń dè mọ́ orí tó ń bo ojú, tí a fi ń wo ayé mìíràn tí kọ̀ǹpútà yà, ohun tó máa rán sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé kó ra èyí tó wọ́n jù bọ̀. Wọ́n á ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní ti awò yìí, irọ́ ni.

Ẹ wo awò Valve Index tó jáde ní 2019. Dọ́là 999 ni odindi rẹ̀ nígbà náà. Ó lè pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. N kò ní bu iṣẹ́ àwọn tó ṣe é kù. Ṣùgbọ́n kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ó fẹ́ kọ̀ǹpútà géèmù alágbára, ó fẹ́ iná tirẹ̀, ó tún fẹ́ àpótí kékeré méjì tí à ń gbé kọ́ ògiri, iná ni àwọn náà ń jẹ. Ní Òkèṣà tàbí Ajílósùn ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo wọn kú pọ̀ nìyẹn. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, owó epo tún dé.

Awò mìíràn, Meta Quest 3, jáde ní 2023 ní bíi dọ́là 500. Kọ̀ǹpútà àti bátìrì wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí méjì kó tó fẹ́ iná. Písẹ́lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, jẹ́ 2064 lọ́nà 2208 níwájú ojú kọ̀ọ̀kan. Ti Index, 1440 lọ́nà 1600. Èyí tó wọ́n kọ́ ló mọ́ jù! Apple Vision Pro ńkọ́, tó jẹ́ dọ́là 3,499 nígbà tó jáde ní 2024? Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo ju Quest 3 lọ, ẹni tó ń lo gíláàsì ojú sì gbọ́dọ̀ tún ra dígí Zeiss sí i.

Iye owó kò mọ ojú yín. Bí dígí awò kò bá bá ọmọlójú yín ṣe déédéé, àwòrán á ṣe bàìbàì, orí á máa fọ́ yín, èébì á máa gbé yín. Láti mọ àlàfo tó wà láàárín ọmọlójú yín méjèèjì, ẹ dúró síwájú dígí ìwojú, ẹ fi rúlà dábùú iwájú orí kó sún mọ́ ojú. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ mú òdo rúlà bá àárín ọmọlójú òsì. Láì mi orí, ẹ di ojú òsì, ẹ la ọ̀tún, kí ẹ ka iye mílímítà tó bá ọmọlójú ọ̀tún mu. Kí dígí lè bá àlàfo náà mu, Quest 3 ní bọ́tìnì róbótó tí à ń yí láti mílímítà 58 dé 71. Quest 3S, àbúrò rẹ̀, ipò mẹ́ta péré ló ní: 58, 63 àti 68. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 71 kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Àwọn tó ra awò HP Reverb G2 ní bíi dọ́là 600 náà rò pé owó ti dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 dé ní 2024, Microsoft yọ ètò tí awò náà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kúrò. Awò kò fọ́, kò sán, síbẹ̀ ó di ẹrù fún ẹni tó gba ẹ̀dà náà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín: ta ló ń ṣàtúnṣe ètò inú rẹ̀, títí di ìgbà wo? Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ kó owó yín padà sápò.