Owó gígùn lẹ san, ti sísọ̀kalẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀fẹ̀ kan wà tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn agẹgi ní Magboro, tí kò kúrò lọ́kàn mi. Onílé kan ló fẹ́ kí wọ́n bá òun gé igi mángòrò ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ti dé orí òrùlé, ó sì ń ná wọn bí ẹni tó fẹ́ ra tòmátì. Nígbà tó pe iye tó fẹ́ san, ọmọkùnrin tí yóò gun igi náà wojú ọ̀gá rẹ̀, ó tún wojú onílé, ó ní, "Dádì, owó tí ẹ pè yẹn, ti gígùn ni. Ti sísọ̀kalẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Onílé náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó.

Lójú tèmi o, ìṣirò òwò ni ọmọ yẹn ṣe, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣòwò kéékèèké ló jẹ́ pé owó gígùn nìkan là ń gbà. A ó ka owó epo, a ó ka owó oúnjẹ, a ó sì gbàgbé ohun tí yóò ná wa láti padà délé pẹ̀lú ara líle.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí wọ́n bá ní agẹgi, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ ni igbó ọba bíi Omo, lápá Ìjẹ̀bú, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, tí àwọn agbégilódò ti ń kó gẹdú jáde wá sí Èkó. Nínú igbó, bí igi bá wó, orí igi ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wó lé. Magboro kò rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978 làwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ lọ sí Ibafo àti Mowe, ilé sì ti yí igi ká. Fẹ́ńsì ń bẹ lápá kan, táǹkì omi ń bẹ lápá kejì, wáyà NEPA gba òkè kọjá, ọkọ̀ aládùúgbò sì wà nísàlẹ̀. Ẹ ò lè kàn gé irú igi bẹ́ẹ̀ nídìí. Ẹnì kan ní láti gùn ún, kó máa gé e ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti òkè wá, kí àwọn tó wà nílẹ̀ máa fi okùn sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ ti ń dùn. "Ará Ọ̀run" ni wọ́n ń pe ẹni tó wà lórí igi. Ẹni tó di okùn mú nísàlẹ̀ á kígbe sí i pé, "Má tíì kú o, o ṣì jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún!" Ti òkè náà á dáhùn pé, "Di okùn mú dáadáa. Bí okùn bá já, gbèsè náà já!" Ẹni tó bá ṣèèṣì gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, "Àlejò" lorúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú, òun ni yóò sì ra gàrí àti ẹ̀pà fún gbogbo wọn. Ẹ má rò pé aláwàdà ni wọ́n o. Owó ìtanràn ni gàrí yẹn, ó sì ń kọ́ ọmọọṣẹ́ tuntun lọ́gbọ́n ju ìwàásù lọ. Bí wọ́n bá ti ta ẹ̀rọ ìgẹgi tí à ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀, yẹ̀yẹ́ parí, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn ẹnìkejì mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ìdí igi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ la ẹnu fún un lápá ibi tí wọ́n fẹ́ kó wó sí, kí wọ́n tó wá gé e láti ẹ̀yìn. Wọn kì í gé e já tán. Wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù láàárín, kí igi lè rọra tẹ̀ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ nídìí igi gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Wákàtí méjì lonílé rí, kò rí ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Kò sì rí ìnáwó. Ẹ wo epo nìkan. Kó tó di ìparí oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, nǹkan bíi 185 náírà ni lítà epo bẹntiróòlù l'Ékòó. Lọ́jọ́ 31 oṣù náà ó di 488, kò sì padà síbi tó ti wá mọ́. Epo yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn, lítà kan sí lítà epo 25, tàbí sí 50 bí ọ́ìlì bá jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá ṣahun ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á nọ́ọ̀kì. Ṣéènì ń kú, okùn ń gbó, akoto àti gíláàsì ojú ń fẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ lòjò lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ti ewu ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ àti okùn tó dára ti wà, àkọsílẹ̀ ìjọba wọn fún ọdún 2022 sọ pé nínú agẹgi 100,000, nǹkan bíi 100 ló kú sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá pa gbogbo iṣẹ́ pọ̀, kò pé 4 nínú 100,000.

Níbí, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti wà láti ọdún 2010. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí àjọ náà lè gbọ́ bùkátà ẹni tó bá fara pa tàbí ẹbí ẹni tó bá kú. Òfin náà ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti alágbàṣe mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó ń san 200,000 náírà lápapọ̀ lóṣù, 2,000 náírà ni tirẹ̀. Owó yẹn kò tó owó ata nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Magboro báyìí.

Mo mọ ohun tí ọ̀gá agẹgi kan á sọ: bí mo bá fowó lé e, ẹlòmíì á gbà á ní ìdajì. Òótọ́ ni, yóò sọ iṣẹ́ kan tàbí méjì nù. Ṣùgbọ́n kó lọ wo igi kó tó dá iye, kó fi fẹ́ńsì àti wáyà han onílé, kó bi í léèrè ta ni yóò san án bí ẹ̀ka bá fọ́ táǹkì aládùúgbò. Onílé tó ń ná ọjà bí tòmátì á dákẹ́ díẹ̀. Kó kọ ohun tí wọ́n jọ sọ sínú ìwé, títí kan ẹni tó ni ìtì igi lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, torí ìjà pọ̀ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Èkó ló ti ríṣẹ́, kí onílé gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà wọ́n síṣẹ́ náà, ẹ béèrè okùn kí ẹ tó béèrè ẹ̀dínwó.

Ọmọkùnrin ọjọ́ náà sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó lórí ìtì mángòrò, ó yọ owó epo, ó yọ owó oúnjẹ, ó pín ìyókù fún wọn. Wọ́n ń fi Àlejò ọjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù. Mo fọwọ́ kan okùn tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán láàárín, kò sì sẹ́ni tó yọ owó tirẹ̀ sọ́tọ̀.