Ilé Ni Ọlá Rótìmí Wò Kí Ó Tó Sọ Ọdẹ́wálé Lórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti jókòó níbi ìkómọjáde ní Awẹ́ wa níhìn-ín, tàbí ní Ìlọrà, tàbí ní Fìdítì, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ọmọ tí ó bá ti ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni, èyí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó Dúrójayé, ọmọ ilé ọdẹ ń jẹ́ ti ọdẹ, ọmọ ilé awo ń jẹ́ ti Ifá, ọmọ ilé ọba sì ń jẹ́ ti adé. Nítorí èyí ni ó ṣe ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń wí pé eré The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, tí a sì tẹ̀ ní ìwé ní 1971, kò ju ìtàn àwọn ará Gíríìkì tí a gbé agbádá wọ̀ lọ. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi etí sí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Àwọn ará Gíríìkì pàápàá kì í fi orúkọ ṣeré. Oedipus, ọba tí Sophocles kọ eré nípa rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, ẹlẹ́sẹ̀ wíwú ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí òrìṣà Apollo ti wí fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ náà ni yóò pa á, ńṣe ni wọ́n lu ọrùn ẹsẹ̀ ìkókó náà, tí wọ́n sì gbé e fún darandaran pé kí ó lọ sọ ọ́ nù sórí òkè. Nínú ìtàn Odysseus, bàbá ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọ náà lé lẹ́sẹ̀ pé kí ó sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá àgbà náà ronú sí ayé tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ, sí bí inú òun àti inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe ń bí sí ara wọn, ó sì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí ó tọ́ka sí ìbínú. Mélòó nínú àwọn bàbá àgbà tiwa ni kò fi orúkọ ọmọ pàṣamọ̀ sí àwọn ọ̀tá rí?

Rótìmí ìbá ti túmọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ wíwú sí Yorùbá, iṣẹ́ ìbá sì ti parí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ tí a sín sí okùn ni a fi di ọmọ tirẹ̀ tí a fi gbé e lọ sínú igbó; Ògúndélé ọdẹ ni ó rí i he, tí ó sì tọ́ ọ dàgbà, orúkọ ọmọ náà sì di Ọdẹ́wálé. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ wọ̀nyí pọ̀: Ògúndélé ni ó tọ́ ọ, Ọdẹ́wálé ni òun fúnra rẹ̀, Bàbá Fákúnlé afọ́jú ni babaláwo tí ó mọ àṣírí rẹ̀. Ilé ni ó parí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú eré ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà, tí ó gba ìlú Kutuje lọ́wọ́ àwọn ará Ìkólù bí àlejò, tí wọ́n sì fi í jọba níbẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé bí orúkọ òun ti wí gan-an ni òun ti ṣe, pé òun ti wálé. Nǹkan báyìí kò sí nínú ti Gíríìkì. Láti inú ilé wa ni ó ti jáde.

D. O. Fágúnwà, tí ó ṣe olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ní St Andrew's ní Ọ̀yọ́, kí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, gba ọ̀nà mìíràn: Ìmọ̀dóye àti Olóhùn-iyọ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́, bí a ti pè wọ́n ni wọ́n rí. Ti Rótìmí fara sin, nítorí pé orúkọ tí aládùúgbò wa ń jẹ́ ni. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà, nínú Women of Owu tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2004, gba Andromache, orúkọ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ obìnrin tí ń bá ọkùnrin jagun, ó sì sọ ọ́ di Adúmáadán, oríkì arẹwà, fún obìnrin tí ogun ti pa ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mú lẹ́rú. N kò lè gbọ́ oríkì náà nínú eré yẹn kí àyà mi má já.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Afijió ni pé kí wọ́n má ṣe fi í mọ sí pé Ọdẹ́wálé ni Oedipus, Ọjúọlá ìyá rẹ̀ ni Jocasta, Adérọ́pò ni Creon, kí ọmọ há a sórí kí ó lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Creon, alákòóso ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Adérọ́pò, ọmọ tí Ọjúọlá bí lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbé lọ sínú igbó! Ta ni ó rọ́pò? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ náà láàfin ni wọ́n ń sọ ìtàn Ọdẹ́wálé sí i létí, ṣùgbọ́n ohun tí ọba náà ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹnìkan fẹ́ gba ìtẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àbúrò rẹ̀.